Àwìn Tó Ní Èènì

Àárín ìwé iná àti ìwé omi ni mo ti rí lẹ́tà náà lọ́jọ́ Ẹtì. Àpòòwé funfun tó nípọn ni, orúkọ mi sì wà lára rẹ̀ pérépéré, títí kan orúkọ àárín tí mi kì í lò níbi kankan àfi lórí ìwé ìrìnnà. Wọ́n ní àwọn ti yẹ ìwé mi wò, àwọn sì rí i pé mo kúnjú òṣùwọ̀n fún kírẹ́dìtì káàdì tí wọ́n ń pè ní Blue Cash Preferred, ti iléeṣẹ́ American Express. Wọn yóò máa dá 6% padà fún mi nínú owó oúnjẹ tí mo bá rà ní sùpámákẹ́ẹ̀tì, àti 3% nínú owó epo mọ́tò. Bí mo bá fi ná dọ́là 3,000 láàárín oṣù 6 àkọ́kọ́, wọn yóò fún mi ní dọ́là 250 lẹ́ẹ̀kan náà. Lọ́dún àkọ́kọ́, mi ò ní san kọ́bọ̀ fún káàdì náà. Láti ọdún kejì lọ, dọ́là 95 lọ́dọọdún.

Iṣẹ́ alẹ́ ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọsibítù dé, ojú mi ti wúwo, àmọ́ mi ò lè sùn. Mo jókòó sídìí tábìlì, mo mú bíírò, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò. Ibẹ̀ ni Bàbá Ìbejì bá mi.

"Ìyá Ìbejì, èló ni wọ́n tún ní ká san?"

"Wọn ò ní ká san nǹkan kan. Àwọn ni wọ́n ní àwọn fẹ́ máa fún wa."

Ó gba lẹ́tà náà, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó yí i padà, ó ka ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ ti kéré bí ẹsẹ̀ èèrà. Ó gbé e kalẹ̀ níwájú mi. "Fara balẹ̀ wò ó dáadáa o."

Ohun tó mú kí n máa kọ èyí ni pé irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ń wọ ilé ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń gbé ní Houston níbí. Ẹlòmíràn á ya á lójú ẹsẹ̀, ẹlòmíràn á fọwọ́ sí i lójú ẹsẹ̀. Mo ti ṣe méjèèjì rí. Lọ́tẹ̀ yìí, mo fẹ́ wò ó bí ìyá mi ṣe máa wò ó.

Ọmọ elélùbọ́ ni mí. Ọjà Bódìjà ní Ìbàdàn ni ìyá mi ti tajà, èlùbọ́ àti gàrí, kí orúnkún tó dá a jókòó sílé. Bí ó bá ń wọn gàrí, yóò bù ú kún kóńgò, yóò fọwọ́ gbá a jọ sókè títí yóò fi ga bí òkìtì, tí yóò máa ya sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Oníbàárà á máa wò ó. Bó bá dà á sínú ọ̀rá tán, oníbàárà ò ní tíì gbé e, á dúró, á ní, "Ìyá, èènì mi ńkọ́?" Ìyá mi á tún bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. Ẹ̀kúnwọ́ yẹn ló máa mú kí obìnrin náà kọjá níwájú elélùbọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ tiwa.

Àmọ́ òfin kan wà ní ìsọ̀ ìyá mi tí kì í yẹ̀: ẹni tó bá ra àwìn ò ní gba èènì. Èmi ni mo máa ń bá a kọ orúkọ àwọn tó ra àwìn sínú ìwé, torí èmi ni mo wà níléèwé. Mo rántí ọjọ́ tí ìyàwó kan ládùúgbò wa ra kóńgò mẹ́rin láwìn, tó wá ń bèèrè èènì. Ìyá mi ò bínú. Ó ní, "Ìyàwó, owó tèmi lo fẹ́ máa fi jẹun títí dìparí oṣù. Èènì tìẹ nìyẹn." Ọmọdé ni mí, àmọ́ ó yé mi. Ẹni tó gbé ọjà lónìí tó ń bọ̀ wá sanwó lóṣù tó ń bọ̀ ti gba èènì rẹ̀ nínú ọjọ́ tí wọ́n dá fún un.

Ìdí nìyí tí káàdì yìí fi ń ṣe mí ní kàyéfì. Àwìn ni, mi ò mọ orúkọ mìíràn tó bá a mu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo gbé ọjà lónìí, báńkì bá mi san án, èmi á san án fún báńkì lóṣù tó ń bọ̀. Báńkì wá tún ń bu èènì lé e. Lọ́jọ́ Àìkú, mo pe ìyá mi lórí WhatsApp, mo ṣàlàyé ẹ̀ fún un. Ó dákẹ́ fúngbà díẹ̀.

"Ta ló wá ń san èènì ọ̀hún?"

"Báńkì ni, Mà."

"Báńkì ò dáko, kò sì ta gàrí. Lọ wádìí ẹni tó ń san án."

Mo wádìí. Ẹni àkọ́kọ́ tó ń san án ni ẹni tó ta ọjà. Bí mo bá fi káàdì ra ọjà dọ́là 100, dọ́là 100 kọ́ ló ń dé ọwọ́ onísọ̀. Wọ́n á ti yọ nǹkan bíi dọ́là 2 níbẹ̀, nígbà mìíràn ó máa ń lé. Káàdì tó bá sì ń fúnni ní èènì máa ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ju káàdì lásán lọ. Ní 2010, wọ́n ṣe òfin kan lórílẹ̀-èdè yìí, Durbin Amendment, tó dín ohun tí àwọn báńkì ńlá lè gbà lọ́wọ́ onísọ̀ kù lórí káàdì tó ń yọ owó tààrà nínú àkáǹtì. Sẹ́ńtì 21 ni wọ́n fi ṣe ààlà rẹ̀, pẹ̀lú ìdá kékeré kan tó lé e. Òfin náà ò dín ti káàdì àwìn kù. Nítorí náà ni èènì fi ṣì pọ̀ lórí káàdì àwìn, tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá lórí èkejì.

Obìnrin tí mo máa ń ra iṣu àti ẹja gbígbẹ lọ́wọ́ ẹ̀ ní òpópónà Bissonnet lẹ ìwé kan mọ́ kántà rẹ̀ pé ẹni tí ọjà rẹ̀ kò bá tó dọ́là 10, kó má fi kírẹ́dìtì káàdì san án. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń rò pé ó kàn ń ni wá lára ni. Òfin 2010 yẹn kan náà ló fún un láṣẹ láti ṣe bẹ́ẹ̀. Èrè tó wà lórí páálí kúùbù ìsebẹ̀ kan kéré; bí báńkì bá tún mú tiẹ̀ níbẹ̀, kí ló kù fún un?

Onísọ̀ ńlá kì í gbé irú àdánù bẹ́ẹ̀ mì. Yóò fi kún iye ọjà. Iye tó fi kún un yìí, gbogbo wa là ń san án, ẹni tó fi káàdì rà á àti ẹni tó ka owó lé kántà. Àmọ́ ẹni tó mú káàdì wá nìkan ló ń gba èènì. Ní 2010, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ní Federal Reserve Bank of Boston, ẹ̀ka báńkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ṣírò rẹ̀: ní ìpíndọ́gba, dọ́là 149 ni ìdílé tó ń fi owó lọ́wọ́ rajà ń pàdánù lọ́dún sọ́dọ̀ àwọn tó ń lo káàdì, ìdílé tó ń lo káàdì sì ń jèrè dọ́là 1,133. Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ní 2012 tí mo dé ìlú yìí, èmi ni ẹni tó ń ka owó lé kántà. Kò sí báńkì kankan tó mọ̀ mí. Gbogbo àjọ tí mo ti dá rí ní Ìbàdàn, gbogbo gbèsè tí mo ti san lọ́jọ́ tí mo dá, kò sí ọ̀kan nínú ìwé wọn. Nígbà tí mo máa rí káàdì gbà, àfi ìgbà tí mo fi dọ́là 300 dúró lọ́dọ̀ wọn kí wọ́n tó gbà kí n máa ra ọjà dọ́là 300 láwìn. Owó ara mi ni mo ń yá. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lónìí ṣì wà níbẹ̀, àwọn ló sì ń bá wa bu ẹ̀kúnwọ́ gàrí yẹn.

Ẹnì kejì tó ń san èènì, mo mọ̀ ọ́n ju ẹni àkọ́kọ́ lọ, torí mo ti wà nípò rẹ̀. Òun ni ẹni tí kò san àwìn tán nígbà tí oṣù parí.

Ní 2015, àbúrò mi obìnrin ṣègbéyàwó ní Ìbàdàn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba káàdì tuntun nígbà yẹn lọ́dọ̀ báńkì kan tí mi ò ní dárúkọ, káàdì tó ń dá 1% padà. Mo fi san lára owó ọkọ̀ òfuurufú, mo fi ra bàtà àti báàgì fún àwọn ará ilé, mo fi ra ohun tí a pín níbi ìnáwó. Nígbà tí mo padà dé Houston, gbèsè dọ́là 1,800 wà lọ́rùn mi, èlé rẹ̀ sì jẹ́ 24% lọ́dún.

Èènì tí wọ́n fún mi lórí dọ́là 1,800 yẹn jẹ́ dọ́là 18. Inú mi dùn sí i nígbà tí mo rí i. Èlé oṣù kan lórí gbèsè yẹn jẹ́ dọ́là 36. Láàárín ọjọ́ 15, èlé ti jẹ èènì tán.

Wọ́n ní iye tó kéré jù tí mo lè san lóṣù àkọ́kọ́ jẹ́ dọ́là 54. Mo san án, ọkàn mi sì balẹ̀. Àṣé èlé ni dọ́là 36 nínú rẹ̀, dọ́là 18 péré ló dín nínú gbèsè. Ohun tó là mí lójú ni àpótí kékeré kan tí wọ́n fa ìlà yí ká lórí ìwé gbèsè náà. Òfin CARD Act ti 2009 ló pàṣẹ pé kí báńkì máa kọ ọ́ síbẹ̀: bí o bá ń san iye tó kéré jù nìkan, ọdún mélòó ni wàá fi san án, bí o bá sì fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún mẹ́ta, èló ni kó o máa san. Tèmi ní ọdún 11. Lábẹ́ rẹ̀, wọ́n kọ dọ́là 71 lóṣù, ọdún 3. Mo rò pé àṣìṣe ni. Láàárín dọ́là 54 àti dọ́là 71, ọdún 8 ló wà níbẹ̀? Nígbà tó yá ló yé mi pé bí gbèsè bá ṣe ń dín kù díẹ̀díẹ̀ ni iye tó kéré jù yẹn náà ń dín kù, tí ẹsẹ̀ èèyàn á sì máa falẹ̀ sí i bó ṣe ń súnmọ́ ilé. Ẹni tó bá di dọ́là 71 mú ṣinṣin, tí kò jẹ́ kó dín, ló máa tètè dé.

Láyé àwọn baba ńlá wa, ológò ni wọ́n ń rán sí ilé onígbèsè. Yóò wá tẹ́ sílẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, yóò máa pariwo, yóò máa mú ohun tó bá wù ú jẹ nínú ilé títí wọn yóò fi wá owó olówó. Gbogbo àdúgbò ló máa ń mọ̀. Lọ́dún 2015 yẹn, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé mo jẹ gbèsè, kódà Bàbá Ìbejì ò tètè mọ̀. Báńkì ń kí mi kú ọjọ́ ìbí, wọ́n ń sọ fún mi pé àwọn ti fi kún iye tí mo lè rà láwìn. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ló bà mí lẹ́rù jù nígbà tí mo wá rí ohun tó wà nídìí rẹ̀. Mo ṣe iṣẹ́ alẹ́ kún iṣẹ́ alẹ́ fún oṣù mẹ́jọ kí n tó san án tán. Láti ìgbà náà, mo ti sọ fún báńkì kí wọ́n máa yọ gbogbo gbèsè oṣù pátá nínú àkáǹtì mi fúnra wọn kí ọjọ́ tó pé. Ẹni tí kò bá tíì lè ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìṣirò tó ń bọ̀ yìí bí ẹni pé tiyín ni. Kò sí káàdì tó ń fúnni ní 6% tó lè dúró níwájú èlé tó lé ní 20%.

Ó yá, ìṣirò. Mo tẹ́ ìwé ìnáwó oṣù mẹ́ta sílẹ̀, mo sì pín in sí oṣù kọ̀ọ̀kan. Káàdì tí mo ní báyìí ń dá 2% padà lórí ohun gbogbo, kì í sì gba owó ọdọọdún. Òun ni tuntun máa bá díje. Kì í ṣe òfo.

Nǹkan bíi dọ́là 1,000 ni owó oúnjẹ wa lóṣù. Bí mo ṣe kọ́kọ́ ka lẹ́tà náà, ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni 6% lórí dọ́là 1,000, ìyẹn dọ́là 60 lóṣù. Bí wọ́n ṣe fẹ́ kó wá sí mi lọ́kàn nìyẹn. Àmọ́ nígbà tí mo wo ibi tí owó náà ń lọ gan-an, ọ̀rọ̀ yí padà. Dọ́là 300 ń lọ sí Costco, níbi tí a ti ń ra ìrẹsì, òróró àti adìẹ. Láti oṣù kẹfà 2016, Visa nìkan ni kírẹ́dìtì káàdì tí Costco ń gbà nínú ìsọ̀ wọn ní Amẹ́ríkà, nítorí náà káàdì yìí ò tilẹ̀ wọ ibẹ̀. Dọ́là 150 ń lọ sí Walmart. Ọ̀rọ̀ kékeré ẹ̀yìn lẹ́tà náà sọ pé irú ìsọ̀ ńlá tó ń ta ohun gbogbo bẹ́ẹ̀ kì í ṣe sùpámákẹ́ẹ̀tì lójú wọn. 1% ni wọn yóò fún mi níbẹ̀. Dọ́là 200 ń lọ sí Bissonnet, owó lọ́wọ́ ni mo sì ń san níbẹ̀. Èyí tó kù, dọ́là 350, ló ń lọ sí sùpámákẹ́ẹ̀tì H-E-B. Dọ́là 350 yẹn nìkan ni 6% máa fọwọ́ kàn.

Dọ́là 350 lóṣù jẹ́ dọ́là 4,200 lọ́dún. Káàdì tuntun á dá dọ́là 252 padà lórí rẹ̀. Èyí tí mo ní ń dá dọ́là 84 padà. Tuntun fi dọ́là 168 ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Epo mọ́tò wa jẹ́ dọ́là 220 lóṣù. Tuntun á fi nǹkan bíi dọ́là 26 ju ti tẹ́lẹ̀ lọ lọ́dún. Fíìmù tí àwọn ọmọ ń wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, dọ́là 20 lóṣù, wọ́n ní 6% ni tiẹ̀ náà, ó fi nǹkan bíi dọ́là 10 lé e. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ dọ́là 204. Láti ọdún kejì, ẹ yọ dọ́là 95 kúrò. Dọ́là 109 ló kù, ìyẹn dọ́là 9 lóṣù.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe ti yín, nọ́ńbà kan wà tó ràn mí lọ́wọ́ ju gbogbo ìyókù lọ. Láàárín 6% àti 2%, ìyàtọ̀ jẹ́ 4%. Kí 4% tó lè bo dọ́là 95, èèyàn gbọ́dọ̀ máa ná dọ́là 198 lóṣù ní sùpámákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n gbà ní sùpámákẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá tó bẹ́ẹ̀, tí kì í sì ra epo púpọ̀, káàdì 2% tí kì í gba owó ọdọọdún sàn fún un. Ẹni tí tirẹ̀ sì pọ̀ gan-an, kó mọ̀ pé 6% yẹn dúró lórí dọ́là 6,000 lọ́dún, ìyẹn dọ́là 500 lóṣù. Ohun tó bá lé, 1% ni.

Ti dọ́là 250 ọdún àkọ́kọ́ ńkọ́? Oúnjẹ H-E-B, epo àti fíìmù wa jẹ́ dọ́là 590 lóṣù, nítorí náà oṣù mẹ́fà á ti kọjá dọ́là 3,000 láìjẹ́ pé mo ra abẹ́rẹ́ kan kún un. Ibẹ̀ ni mo ti ń bẹ̀rù fún àwọn ẹlòmíràn. Mo mọ ẹnì kan tó gba irú káàdì bẹ́ẹ̀, tí owó tó ń ná lóṣù kò lè dé iye tí wọ́n dá fún un. Ó bá fi káàdì náà fi owó ìsìnkú bàbá ránṣẹ́ sílé. Báńkì ò kà á sí ọjà. Wọ́n ní owó lásán ló yọ láwìn: wọ́n gba 5% lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, èlé bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an láìdúró de ìparí oṣù, kò sì rí èènì kankan gbà lórí rẹ̀. Owó ìsìnkú! Ó ní òun ò mọ̀, mo sì gbà á gbọ́, torí kò sẹ́ni tó máa ń sọ ọ́ fúnni tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fowó ránṣẹ́ sílé, ẹ fi owó tó wà nínú àkáǹtì yín ránṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ń múra àtilọ sílé: káàdì èènì bí èyí sábà máa ń gba nǹkan bíi 3% lórí ohunkóhun tí èèyàn bá fi rà lẹ́yìn odi Amẹ́ríkà. 3% yẹn yóò gbé èènì rẹ̀ mì, yóò tún béèrè sí i.

Nǹkan kan tún wà tí ìṣirò kì í gbé jáde. Ní 2001, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n méjì ní yunifásítì MIT, Drazen Prelec àti Duncan Simester, gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n fi tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ṣe gbàǹjo fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n sọ fún àwọn kan pé owó lọ́wọ́ ni wọn yóò san, wọ́n sọ fún àwọn yòókù pé káàdì ni. Àwọn tó mọ̀ pé káàdì làwọn máa fi san án dá iye tó tó ìlọ́po méjì ti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Mo gbà á gbọ́, torí mo mọ bó ṣe máa ń rí lọ́wọ́ ara mi. Bí mo bá ka ogún dọ́là mẹ́ta lé kántà ní Bissonnet, mo máa ń wo ẹja náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ní H-E-B, káàdì á ké, mo ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Bí 6% bá mú kí n máa fi dọ́là 10 kún ohun tí mò ń rà lóṣù, dọ́là 9 mi ti lọ.

Síbẹ̀, mi ò ní purọ́: lórí ìwé, káàdì yìí dára fún ilé wa. Lọ́dún àkọ́kọ́, dọ́là 250 àti dọ́là 204 jẹ́ dọ́là 454. Owó ni. Ó lè ra aṣọ iléèwé àwọn ìbejì, kó tún ṣẹ́ kù.

Ohun tó dá mi dúró ni ilé. Ọdún yìí la fẹ́ ra ilé àkọ́kọ́ wa, a sì ti ń kó ìwé jọ fún báńkì tó máa yá wa lówó. Mo jókòó wo bí wọ́n ṣe ń ṣírò credit score, máàkì tí báńkì fi ń mọ bí èèyàn ṣe ń san gbèsè sí. Nínú ìṣirò FICO, iléeṣẹ́ tó ń ṣírò máàkì náà, sísan gbèsè lásìkò ló kó 35%. Bí gbèsè ṣe pọ̀ tó lára ohun tí èèyàn lè yá kó 30%. Bí àkáǹtì ṣe pẹ́ tó kó 15%. Gbèsè tuntun kó 10%, oríṣiríṣi gbèsè téèyàn ní kó 10% tó kù. Bí mo bá béèrè káàdì tuntun, ìbéèrè náà á wà nínú ìwé mi fún ọdún méjì, àmọ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn, kì í mú ju máàkì márùn-ún lọ. Ìyẹn ò dẹ́rù bà mí. Èyí tó ń kọ mí lóminú ni pé àkáǹtì mi ò pọ̀, ọmọ tuntun kan láàárín wọn á fa ìpíndọ́gba ọjọ́ orí wọn wálẹ̀, ẹni tó ń gbé ìwé wa yẹ̀ wò á sì bi wá pé kí la fẹ́ fi gbèsè tuntun ṣe nígbà tí a ń wá owó ilé.

Mo ṣírò ìyẹn náà. Ká ní dọ́là 300,000 la yá fún ọdún 30. Bí èlé rẹ̀ bá jẹ́ 6.5%, dọ́là 1,896 la ó máa san lóṣù. Bó bá jẹ́ 6.75%, dọ́là 1,946 ni. Dọ́là 50 lóṣù, dọ́là 600 lọ́dún, lọ́dọọdún tí a bá fi ń san án. Ó ṣeé ṣe kí káàdì kan má yí nǹkan kan padà nínú èlé yẹn. Ó sì ṣeé ṣe kí credit score mi wà létí ààlà lọ́jọ́ tí wọ́n bá wò ó, kí máàkì mẹ́ta tó dín kù yẹn jẹ́ ohun tó máa tì mí sísàlẹ̀ ààlà. Mi ò fẹ́ fi ilé dánwò nítorí dọ́là 454.

Mo sọ fún Bàbá Ìbejì. Ó ní, "Mo mọ̀ pé o máa débẹ̀." Mo ní, "Kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́ láti ọjọ́ Ẹtì?" Ó ní òun fẹ́ kí n fi ọwọ́ ara mi ṣírò rẹ̀, kó má baà dà bí ẹni pé òun ló gba owó náà lọ́wọ́ mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, torí bí ó bá sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn, á dùn mí.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo lọ sí Bissonnet. Iṣu méjì, ẹja gbígbẹ, èlùbọ́, ata: dọ́là 58. Mo ka owó lé kántà. Obìnrin náà kó gbogbo rẹ̀ sínú ọ̀rá, ó wẹ̀yìn, ó mú ata rodo ẹ̀kúnwọ́ kan, ó jù ú lé e. Nígbà tí mo délé, mo pe ìyá mi, mo ní mo ti wádìí ohun tó ní kí n wádìí. Mo sọ fún un nípa onísọ̀, nípa ẹni tó ń ka owó lé kántà, nípa ẹni tí gbèsè kù sí lọ́rùn. Ó fetí sílẹ̀ dáadáa. Ó wá bi mí bóyá ìwé ilé náà ti ń lọ, yàrá mélòó ni, ṣé ilẹ̀ díẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé tí èèyàn lè gbin ewédú sí. A sọ̀rọ̀ nípa ewédú títí tí fóònù rẹ̀ fi kú.

Ọgbọ̀njọ́ oṣù tó ń bọ̀ ni lẹ́tà náà máa kásẹ̀ nílẹ̀. A ò ní tíì fọwọ́ síwèé ilé nígbà yẹn.